Awọ Kọ́ Ni Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ Ń Wá

Bí ìròyìn bá ti dé pé àwọn òyìnbó ti ń fi ẹ̀rọ tẹ awọ ara èèyàn jáde, tí wọ́n sì ń fi í bo egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé láàárín wa: ohun tó kù fún wa nìyẹn. Wọ́n á ní ká ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní Nnewi, ní Ìbàdàn àti ní Èkó, wọn ì bá ti ṣíwọ́ gígé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa. Wọ́n á ní egbò àtọ̀gbẹ kì í jiná torí pé awọ kì í hù bò ó mọ́, pé ẹni tó bá ti rí awọ tuntun fi bò ó ti bọ́. Olóṣèlú ń sọ ọ́, oníròyìn ń kọ ọ́, ọmọ tó wà lókè òkun ń fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Mo ta ko ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Mi ò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rọ náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ kọ́ ni ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ń wá, bí a bá sì tẹjú mọ́ awọ, ẹsẹ̀ la ó máa gé lọ.

Ká tó jà, ká fún ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní 1986 ni Charles Hull, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ odindi nǹkan jáde, ìpele lórí ìpele, dípò kó tẹ lẹ́tà sórí ìwé. Ní 2003, Thomas Boland àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Clemson mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé irú èyí tó wà ní ọ́fíìsì, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n da omi tó ní sẹ́ẹ̀lì alààyè síbi tí yíǹkì ń gbé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lórí ti ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, iléeṣẹ́ Rokit Healthcare ní South Korea wà lára àwọn tó ti rìn jìnnà jù. Wọ́n á ya fọ́tò egbò náà, kọ̀ǹpútà á wọn bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó, wọ́n á fa ọ̀rá díẹ̀ láti ikùn aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á pò ó mọ́ èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀rọ á sì tẹ ẹ́ sí ìwọ̀n egbò yẹn gẹ́lẹ́ kí wọ́n tó fi lé e. Ẹni tó bá rí i tí kò yìn ín, inú ẹni náà ló burú. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mú ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Enugu á gba orí afárá Niger kọjá sí Onitsha. Tó bá ti bọ́ nínú gìrìgìrì Upper Iweka, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan Umunya lójú títì márosẹ̀, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyi, níbi tí Yunifásítì Tansian wà. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, oníṣòwò tó ń jí lọ sí ọjà Onitsha náà wà níbẹ̀. Ohun tó mú kí n yàn án ni pé kì í ṣe ìgbèríko tí dókítà ò dé. Iyi-Enu, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní Ogidi ní 1907, wà nítòsí. St. Charles Borromeo wà ní Onitsha. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe wà ní Nnewi, òmíràn wà ní Amaku ní Awka. Bí ẹsẹ̀ bá jẹrà mọ́ èèyàn lára ní Umunya, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ló fà á.

Ẹ bá mi fojú inú wo obìnrin kan níbẹ̀, ẹni tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti bí ọdún mẹ́wàá. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti orí ìka ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta á lóru bí ata. Nígbà tó yá, títa náà dáwọ́ dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rò pé ara ti yá. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé. Sílípáàsì bọ́ kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lójú ọ̀nà oko, kò mọ̀, ó ń rìn lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú bàtà ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́ jó lọ síwájú pẹpẹ nígbà tí wọ́n ń gba owó ọrẹ, ó tẹ̀ ẹ́ padà délé, ìgbà tó bọ́ bàtà ló tó rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn, eku ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé eku ń jẹ, ó ń fẹ́. Ẹsẹ̀ tí kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́ kò tilẹ̀ nílò kí eku fẹ́ ẹ kó tó jẹ ẹ́. Àwọn dókítà ní Tanzania ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé àwọn alátọ̀gbẹ ń jí láàárọ̀ tí wọ́n ń bá ìka ẹsẹ̀ tí eku ti jẹ lóru.

Bí egbò ṣe dé nìyẹn. Ìdí tí kò fi lọ ni ká wá wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń pariwo ẹ̀rọ ti ṣìnà.

Èmi tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń ro mí, bí ìṣó bá gún mi lónìí, mà á tiro fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò ní pinnu láti tiro. Ara mi ló máa pinnu fún mi. Títiro yẹn ni ìwòsàn, torí pé ó ń gbé ìwúwo ara kúrò lójú ọgbẹ́ kó lè ráyè san. Obìnrin Umunya yìí kì í tiro. Ó ń fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀, nígbà tó ń pọn omi, nígbà tó ń ta ọjà rẹ̀ lórí ìdúró, nígbà tó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Kì í ṣe pé awọ kọ̀ láti hù. Awọ ń hù lóru, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ lọ́sàn-án. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹsẹ̀ náà bá tún ti dí, bí àwọn alátọ̀gbẹ púpọ̀ ṣe máa ń ní i, kò ní sí ohun tí ara máa fi tún ibẹ̀ kọ́. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, ó lè di ti egungun.

Ẹ̀rí tó wúwo jù lọ́wọ́ mi kò sí ní Korea. Enugu ló wà. Àwọn tó jóná àti àwọn tó nílò iṣẹ́ abẹ awọ láti gbogbo ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà mọ ọ̀nà Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Enugu. Àwọn dókítà ibẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní UCH Ìbàdàn, ń fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó awọ itan aláìsàn, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí egbò. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣègùn ti ń ṣe é. Awọ gidi ni, alààyè ni, ti ẹni tó ni egbò ni, kò sí ẹ̀rọ kankan lágbàáyé tó tíì tẹ irú rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí egbò tí ọyún wà lábẹ́ rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ṣí kúrò. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, á dúdú, á kú. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì dìde tó ń rìn lọ sọ́jà, á ya. Bí awọ itan tìrẹ kò bá lè dúró níbẹ̀, kí ló fẹ́ mú awọ àtẹ̀jáde dúró?

Èyí nìkan ì bá tó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá mi jiyàn fẹ́ràn nọ́ńbà, nọ́ńbà sì wà. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà tọpa àwọn èèyàn 336 tí wọ́n dá dúró nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ ìdá 35.4 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìdá 20.5 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Ẹ jẹ́ kó yé wa: nínú èèyàn márùn-ún tó wọlé torí egbò ẹsẹ̀, ẹnì kan kò padà sílé. Ìdajì àwọn èèyàn náà ló sì ti gbé egbò yẹn kiri fún ọjọ́ 39 ó kéré tán kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn náà.

Ọjọ́ 39 yìí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ jókòó tì. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Lọ́jọ́ kìíní, omi gbígbóná àti iyọ̀. Obìnrin Umunya wa kò mọ̀ pé omi náà ń bó òun torí pé ẹsẹ̀ ò sọ fún un. Lẹ́yìn náà kẹ́míìsì, níbi tí wọ́n ti tú ẹ̀tù inú kápúsù dà sójú egbò, tó gbẹ lókè, tí ọyún ń rìn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹnì kan sọ fún un pé wọ́n fi nǹkan lélẹ̀ fún un lójú ọ̀nà ni, òun ló tẹ̀ ẹ́, egbò ayé ni, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ sí ilé àdúrà. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n pe àwọn ọmọ, ọmọ tó wà ní Èkó ní kí wọ́n ní sùúrù títí wọ́n á fi sanwó oṣù. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n dì í ní báńdéèjì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń mọ̀ ọ́n lára. Kò sí ẹni tó wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, ọjọ́ wo ni ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ fẹ́ dín kù?

Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi ń yangàn fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá kà wọ́n dé ìsàlẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ tó dé, awọ tí wọ́n ń gbìn ní yàrá ìwádìí ti wà. Èyí tó lókìkí jù ni Apligraf, tí wọ́n ń fi sẹ́ẹ̀lì inú awọ tí wọ́n gé kúrò lára ọmọ tuntun nígbà ìdábẹ́ ṣe. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ní 2000. Nínú ìwádìí tó gbé e jáde, èèyàn 208 ló kópa. Ní ọ̀sẹ̀ 12, egbò ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba awọ náà ti jiná, ti ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á náà ti jiná. Èrè gidi ni, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ ta ni wọ́n jẹ́ kó wọlé? Wọn ò gba ẹni tí egbò rẹ̀ ní ọyún. Wọn ò gba ẹni tí àrùn ti dé egungun rẹ̀. Wọn ò gba ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo àwọn tó kópa, tọ̀tún tòsì, ni wọ́n ń fọ egbò wọn déédéé, tí wọ́n sì gbé ìwúwo kúrò lórí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ gbé obìnrin Umunya wa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógójì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa dá a padà.

Ẹ wá gbọ́ ti POP, ẹfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́. Ní 2001 kan náà tí wọ́n tẹ ìwádìí Apligraf yẹn jáde, David Armstrong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ tiwọn jáde. Èèyàn 63 tó ní egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ àwọn kan láti ìka dé abẹ́ orúnkún. Wọ́n fún àwọn kan ní bàtà gíga tó ṣeé bọ́. Wọ́n fún àwọn tó kù ní bàtà tí iwájú rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìdá 89.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú POP ti jiná, ìdá 65 nínú àwọn tó wọ bàtà gíga, ìdá 58.3 nínú àwọn tó kù. Kò tọ́ ká fi nọ́ńbà ìwádìí kan lu ti èkejì mọ́lẹ̀, nítorí àwọn èèyàn inú wọn kò rí bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí wà nínú ìwádìí kan ṣoṣo yìí: bàtà gíga yẹn lè gbé ìwúwo kúrò lórí egbò bíi ti POP. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ṣeé bọ́, àwọn èèyàn sì ń bọ́ ọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ò ro kò rí ìdí tó fi yẹ kó máa wọ́ bàtà wúwo kiri inú ilé. POP kò fún un láyè. Ẹfun àti aṣọ ni, kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rẹ̀, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, egbò sì jiná.

Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló sì gbọ́dọ̀ dì í. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, orúnkún rẹ̀ á ká. Wọ́n á gé ẹran tó ti kú kúrò létí egbò, wọ́n á fi gọ́ọ̀sì tín-ín-rín bò ó, wọ́n á ki òwú sáàárín àwọn ìka, wọ́n á fi nǹkan rírọ̀ tìmùtìmù sí egungun ojúgun àti kókósẹ̀ méjèèjì. Ìpele POP àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí á fi gba gbogbo kọ̀rọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ìwúwo lè tàn ká gbogbo ẹsẹ̀ dípò kó kó jọ sí ojú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́n gbọ́dọ̀ tú u wò, torí ẹsẹ̀ tó wú máa fọn, POP á wá tú lẹ́sẹ̀, á máa ha á. Bí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n bá dì í, egbò tuntun ló máa dá síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Wọn kì í sì dì í mọ́ egbò tí ọyún kún inú rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé. Ọgbọ́n ọwọ́ ni, ó ṣeé kọ́ni, mélòó nínú àwọn tó ń di POP ní àwọn ilé ìwòsàn wa la ti kọ́ ọ ní pàtó fún ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ?

Ẹni tó sọ POP dídì yìí di ohun tí ayé mọ̀ ni Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Íńdíà. Àwọn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ló ń tọ́jú ní Vellore. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo èèyàn gbà pé ẹran ara wọn ló burú, pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìka wọn, pé egbò wọn kò lè jiná. Brand rí i pé bí òun bá fi POP dáàbò bo ẹsẹ̀ náà, egbò ń jiná bíi ti ẹlòmíràn. Àìmọ̀-ọ́n-lára ló ń jẹ wọ́n níyà. Nígbà tó dé Carville ní Louisiana láàárín àwọn ọdún 1960, ó gbé ìmọ̀ náà sọ́dọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ilẹ̀ Ìgbò kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibùdó ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ ti wà ní Uzuakoli láti 1932, òmíràn wà ní Oji River lójú ọ̀nà àtijọ́ tó so Enugu mọ́ Onitsha. Uzuakoli yìí ni John Lowe ti fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1940 pé dapsone tí èèyàn ń gbé mì ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kì í ro ẹni tó ni ín ti wà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì wa láti ìgbà yẹn. Ẹ wá ń sọ fún wa lónìí pé egbò irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jiná àfi tí ẹ̀rọ bá dé?

Àwọn alátakò mi ní ìdáhùn, ó sì yẹ kí n gbọ́ wọn. Wọ́n ní bí irú èmi ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn òyìnbó ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí oògùn HIV dé: pé Áfíríkà ò tíì tó o lò, ká kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́. Nàìjíríà kò dá wọn lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2002 fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000, oògùn náà sì gba ẹ̀mí là. Òtítọ́ ni, mo sì wà lẹ́yìn wọn lórí èyí. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń pani gan-an ni oògùn HIV ń bá jà. Awọ àtẹ̀jáde kì í bá ṣúgà jà, kì í la iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í dá ìmọ̀lára padà sínú ẹsẹ̀, kì í gbé ìwúwo kúrò. Ojú egbò ló ń bò. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó jọ oògùn HIV nínú ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, ínsúlìn ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà, Sanofi tẹ̀ lé e, náírà já, owó ínsúlìn sì fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Mi ò rí ẹni tó pariwo lórí ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pariwo lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ.

Wọ́n tún ní, ṣé ẹ gbàgbé Enugu 1974 ni? Rárá o. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ogun parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UNTH, pẹ̀lú Magdi Yacoub tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ọkàn èèyàn ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Mo ń fi í yangàn bí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ìyókù ìtàn náà pẹ̀lú: iṣẹ́ yẹn kò lè dúró déédéé, ó dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di 2013 kó tó tún gbérí, àwọn ikọ̀ dókítà tó ń wọ̀lú látòkè òkun ló sì gbé e. Ọgbọ́n kò wọ́n Udekwu. Ohun tó gbọ́dọ̀ yí ọgbọ́n ká lójoojúmọ́, iná, ohun èlò, àwọn tó mọ ẹ̀rọ wò, owó tí kì í já, ìyẹn ni kò tó.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ máa wálẹ̀. Bóyá. Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí awọ àfilẹ̀ lóríṣiríṣi ti wà lórí àtẹ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 2019, Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà wọn, ná ohun tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 250 dọ́là lé wọn lórí. Ní 2024 ó ti kọjá bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, títí tí ìjọba fi ní láti gbé òfin tuntun kalẹ̀ láti dín iye tó ń san kù. Ẹ má sọ fún mi pé iye egbò ló pọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Èrè ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, IWGDF, sì sọ nínú ìlànà wọn ti 2023 pé kí wọ́n má ṣe máa lo awọ oní-sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ojoojúmọ́. Èmi gbà pé ó láyè tirẹ̀: egbò tó mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ dé, tí wọ́n ti gbé ìwúwo kúrò lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò sì yéé ya olórí kunkun. Kí a tó mọ ẹni tí egbò rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa, a gbọ́dọ̀ ti ṣe gbogbo ohun tí mo ń sọ láti òwúrọ̀ fún un.

Tanzania ṣe é. Ní Dar es Salaam, Zulfiqarali Abbas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n pè é ní Step by Step. Dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè jọ, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ wò, bí a ṣe ń gé èépá àti ẹran tó kú, bí a ṣe ń gbé ìwúwo kúrò, wọ́n fún wọn ní irinṣẹ́ díẹ̀, wọ́n dá wọn padà sí ìlú wọn, wọ́n sì tún pè wọ́n wá lẹ́yìn ọdún kan. Gígé ẹsẹ̀ dín kù. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ kankan níbẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tó le jù, ẹnì kan bi mí ní i pẹ̀lú ìbínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú: obìnrin tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Nnewi báyìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, kí ni mo ní fún un? Fún ẹsẹ̀ yẹn, mi ò ní nǹkan kan, ẹ̀rọ náà ò sì ní nǹkan kan. Awọ kò lè jí ẹran tó ti kú. Abẹ ni yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ là, mi ò ní bá a purọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Àtọ̀gbẹ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ní kété tí wọ́n bá gé ọ̀kan, gbogbo ìwúwo ara á kó jọ sórí èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń padà wá láti gé ìyẹn náà. Kí nọ́ọ̀sì tó kọ ìwé pé kó máa lọ sílé ní Umunya, kó ní kó di ojú rẹ̀, kó fi orí ìka ọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ tó kù, àtàǹpàkò, ti àárín àti èyí tó kéré jù, fẹ́ẹ́rẹ́, fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn dókítà ní Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn láti 2011 pé àyẹ̀wò tí kò gba owó yìí ṣeé gbára lé láti mọ ẹsẹ̀ tí kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára, kí wọ́n wọn bàtà fún un kó tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ wọlé, kí wọ́n fi bí yóò ṣe máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wò ní alaalẹ́ hàn án, kí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí yóò gbé e padà wá.